Bí mẹ́mọ́rì káàdì ẹ̀rọ géèmù ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tó yẹ kéèyàn wò kó tó rà á

Ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù lórí PlayStation 2 rí mọ ìdààmú yìí. Ó ti ń gbá Master League bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti ta agbábọ́ọ̀lù, ó ti ra òmíràn, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kúrò ní ìpele kejì bọ́ sí ìpele kìíní. Lójijì, wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná bá dé tó sì tan ẹ̀rọ padà, yálà kó bá gbogbo làálàá rẹ̀ níbi tó fi í sí, tàbí kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ohun tó pààlà sáàárín méjèèjì kò ju ike dúdú pẹlẹbẹ kan lọ, tó ṣeé pa mọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n máa ń kì bọ ihò tó wà lókè ibi tí páàdì ń wọ̀. Mẹ́mọ́rì káàdì nìyẹn.

PS2 ní ọpọlọ tirẹ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́, 32MB ni, ṣùgbọ́n iná ló gbé ọpọlọ náà ró. Kí iná ṣẹ́jú báyìí, ó ti ṣófo. CD géèmù náà kò lè gba ohunkóhun sílẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i láti ilé iṣẹ́ ni yóò máa wà lára rẹ̀ títí ayé. Ẹ̀rọ náà wá nílò ibì kẹta, ibi tí ọ̀rọ̀ lè jókòó sí láìsí iná.

Ṣíìpù kan wà nínú káàdì náà tó dà bí ilé tó ní àìmọye yàrá tín-ín-tìn-tín. Nígbà tí géèmù bá fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀, wọn á ti iná bíńtín wọ inú àwọn yàrá kan, wọn á sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ lófìfo. Yàrá tó ní iná àti èyí tí kò ní ni ẹ̀rọ yóò padà wá kà bí ẹni ń ka lẹ́tà. Ògiri yàrá wọ̀nyí le débi pé iná tó bá wọlé kò lè jáde fúnra rẹ̀, kódà bí wọ́n bá yọ káàdì sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n pípa nǹkan rẹ́ le ju kíkọ ọ́ lọ. A kò lè gbá yàrá kan ṣoṣo mọ́. Odidi agbo yàrá ni wọ́n máa ń gbá lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó lè kọ nǹkan tuntun sí i. Gbígbá yìí ló ń jẹ ògiri náà díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí káàdì fi ń gbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Káàdì tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù géèmù, tí ogún ọmọ ń sééfù sí lójúmọ́, ti ṣiṣẹ́ jìnnà ju èyí tó wà nínú ilé ẹnì kan lọ, bí ara àwọn méjèèjì tilẹ̀ ń dán bákan náà.

Yàtọ̀ sí àwọn yàrá, káàdì tún ní àkójọ orúkọ. Ó dà bí ìwé alájọ: orúkọ oníkálukú, iye tó dá, àti ojú ewé tí tirẹ̀ wà. Bí géèmù bá ń sééfù, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, ó ń kó ẹrù sínú yàrá, ó sì ń tún ìwé náà kọ kó lè bá ẹrù tuntun mu. Bí ẹnì kan bá fa káàdì yọ láàárín iṣẹ́ méjèèjì, ìwé á máa sọ ohun tí kò sí nílẹ̀, tàbí kí ẹrù wà tí kò sí orúkọ. Orí PS2, ohun tó máa hàn lójú tẹlifíṣọ̀n ni “Corrupted Data”. Tó bá sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ ìwé alájọ gan-an ni ọwọ́ ti kàn án, kì í ṣe ẹrù ẹnì kan ló máa sọnù, ẹrù gbogbo ará ilé ni. Ìkìlọ̀ tí géèmù máa ń gbé sójú pé kí ẹnikẹ́ni má yọ káàdì kì í ṣe àsọdùn rárá.

Káàdì kò bẹ̀rẹ̀ lórí PlayStation. Neo Geo tí SNK gbé jáde ní 1990 ti ní tirẹ̀, débi pé ẹni tó ń gbá géèmù nílé lè mú káàdì rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó gbá a, kó sì máa bá a lọ níbẹ̀. Ti PlayStation àkọ́kọ́ jẹ́ 128KB, wọ́n sì pín in sí bulọ́ọ̀kù 16. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ìwé alájọ, ìdí rèé tó fi jẹ́ 15 ni oníbàárà ń rí. GameCube ti Nintendo ṣe irú ìṣirò yìí lọ́nà tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Orí káàdì rẹ̀ ni wọ́n kọ 59, 251 tàbí 1019 sí. Ta ni yóò ṣe nǹkan ní 59? Bulọ́ọ̀kù 64 ló wà nínú èyí tó kéré jù, 256 wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e, 1024 wà nínú èyí tó tóbi jù, káàdì kọ̀ọ̀kan sì ń mú 5 fún ìwé tirẹ̀. Géèmù Animal Crossing nìkan máa ń gba 57. Ẹni tó ní káàdì 59 kò ní ju bulọ́ọ̀kù méjì lọ mọ́, Nintendo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n fi káàdì kan kún páálí géèmù náà. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń rajà kọ́kọ́ béèrè nìyí: bulọ́ọ̀kù mélòó ni géèmù tí mo ń gbá ń jẹ?

Ìbéèrè kejì ni pé ẹ̀rọ wo gan-an ló ni káàdì náà. Káàdì PS1 ń wọ ihò PS2 wẹ́rẹ́, géèmù PS1 sì lè lò ó níbẹ̀, àmọ́ géèmù PS2 kò ní sééfù sí i láé. Èèyàn lè da ohun tó wà lórí káàdì PS1 kọ sórí ti PS2 kó má baà sọnù, ṣùgbọ́n kó tó lè gbá géèmù ọ̀hún, ó gbọ́dọ̀ dá a padà sórí káàdì PS1. 8MB ni káàdì tí Sony ṣe fún PS2, wọ́n sì kọ MagicGate sí i lára, ìyẹn orúkọ àṣírí tí káàdì àti ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn mọ̀. MagicGate yìí náà ló fà á tí káàdì tí wọ́n ti fi Free McBoot sí, èyí tí àwọn ènìyàn ń wá kí wọ́n lè gbá géèmù PS2 láti orí háàdì dísìkì, kò fi ṣeé dà kọ bí wọ́n ṣe ń da orin kọ. Ara káàdì kan pàtó ni wọ́n ti so ó mọ́. Tí ẹ̀rọ náà bá sì jẹ́ èyí tó jáde kẹ́yìn nínú àwọn PS2 tí nọ́ńbà wọn jẹ́ SCPH-90000, Free McBoot kò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, owó onítọ̀hún ti wọgbó lásán.

Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe káàdì 16MB, 32MB, àní 64MB fún PS2. Ó ń wu ojú, ṣùgbọ́n 8MB ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn géèmù náà, àwọn káàdì ńlá yìí sì ti gba orúkọ burúkú nítorí bí ohun tó wà nínú wọn ṣe ń dàrú. Káàdì 8MB méjì dára ju 64MB kan lọ fún ẹni tí kò fẹ́ sunkún; ihò méjì sáà ló wà níwájú ẹ̀rọ náà. Nígbà tí 2013 wọlé ni Sony dáwọ́ PS2 dúró, nítorí náà káàdì tí wọ́n bá pè ní “tuntun láti Sony” lónìí, yálà ó ti pẹ́ lórí pẹpẹ, tàbí kí ó jẹ́ àfarawé. Àwọn àfarawé kan ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀nà láti mọ̀ ni kí wọ́n tan PS2 láìfi CD sí i, kí wọ́n wọ Browser, kí wọ́n wo àyè tó kù (káàdì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ á sún mọ́ 8,000KB), kí wọ́n da nǹkan kọ sí i láti orí káàdì mìíràn, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n tún un kì bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì dá nǹkan ọ̀hún padà. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tíì pé. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ kí wọ́n ṣe é níwájú òun ti dáhùn ìbéèrè.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, iṣẹ́ káàdì yí padà. Switch tí Nintendo gbé jáde ní oṣù kẹta 2017 ní àyè 32GB nínú, inú ẹ̀rọ ọ̀hún gan-an ni ohun tí èèyàn sééfù ń wà. MicroSD tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ ń gba odidi géèmù tí wọ́n wà jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti fọ́tò. Tó bá bàjẹ́, ibi tí èèyàn bá géèmù dé kò sọnù. Géèmù náà ló máa tún fi dátà wà jáde. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta dátà ní Nàìjíríà mọ̀ pé àdánù gidi nìyẹn náà. Ìtùnú ibẹ̀ ni pé microSD tó wà lọ́jà fún fóònù náà ni Switch ń lò. PS Vita kò ṣe bẹ́ẹ̀: káàdì tirẹ̀ nìkan ló gbà, 32GB sì tó nǹkan bíi 100 dọ́là ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde níbẹ̀ ní 2012.

Bí microSD ṣe pọ̀ lọ́jà ló mú kí ayédèrú pọ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti ra gàárì mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú: lójú, ó kún, ó sì ga ṣóńṣó, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn wà nísàlẹ̀. Ayédèrú káàdì kò yàtọ̀. Ṣíìpù kékeré kan wà nínú káàdì tó jẹ́ agbẹnusọ rẹ̀, tí ẹ̀rọ bá bi í pé “mélòó lo gbà?”, òun ló ń fèsì. Ẹ̀rọ kò lè wọ inú lọ wọ̀n ọ́n, ohun tí agbẹnusọ bá sọ ló máa gbà gbọ́. Àwọn oníjìbìtì á ra ṣíìpù 8GB, wọn á kọ́ agbẹnusọ rẹ̀ láti máa sọ 512GB, wọn á tẹ 512GB sí i lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá kó ẹrù sí i, 8GB àkọ́kọ́ á wọlé dáadáa. Ohun tó bá tẹ̀ lé e á gun orí ti àkọ́kọ́, tàbí kí ó dà nù pátápátá. Àmọ́ ìwé alájọ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ káàdì, àwọn orúkọ á sì máa wọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà á rí orúkọ géèmù ogún tó tò lọ rẹrẹ. Ọjọ́ tó bá ṣí ìkejìlá ló máa mọ̀ pé orúkọ nìkan ló kù.

Kí a má fi ẹ̀sùn yìí kan káàdì tí kò ṣẹ̀, ṣá. Káàdì 64GB tó dára á fi nǹkan bíi 59 hàn lórí kọ̀ǹpútà Windows, 256GB á fi 238 hàn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún báìtì ni ilé iṣẹ́ ń pè ní 1GB, Windows ń lo òdiwọ̀n tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kò sí ẹni tó jí nǹkan kan.

Fún Switch 2 tó jáde ní oṣù kẹfà 2025, 256GB ló wà nínú ẹ̀rọ, microSD tí wọ́n ń pè ní Express nìkan ló sì lè gbé géèmù rẹ̀. Èyí tó wà lórí Switch àtijọ́ kò wúlò níbẹ̀ ju kí wọ́n fi wo fọ́tò àti fídíò tí wọ́n ti yà sórí rẹ̀ lọ. Ìlà wúrà méjì ló wà lẹ́yìn Express, ọ̀kan ló wà lẹ́yìn ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kí a má fi ìyẹn nìkan dájọ́, torí pé àwọn microSD mìíràn tí wọ́n ń pè ní UHS-II náà ní ìlà méjì, wọn kò sì lè ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ Express tàbí lẹ́tà EX lójú káàdì ni kí wọ́n wá.

Ohun tó ń tú àṣírí kóńgò ayédèrú ni kí wọ́n bu ohun inú rẹ̀ sínú kóńgò gidi. Ti káàdì náà bẹ́ẹ̀. Ètò H2testw wà fún Windows, F3 wà fún Linux àti Mac, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Wọ́n máa ń kọ nǹkan kún káàdì dé ẹnu, wọ́n á wá ka gbogbo rẹ̀ padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á sì sọ iye tó bá a mu àti iye tó ti pòórá. Káàdì ńlá lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, torí náà alẹ́ ló dára jù láti fi í sílẹ̀ kó máa ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n bá ra káàdì ni kí wọ́n ṣe é, kí géèmù kankan tó wọ inú rẹ̀, nígbà tí ọlọ́jà ṣì rántí ojú ẹni tó tà á fún, tí páálí rẹ̀ sì wà nílẹ̀.