Kọ́kọ́rọ́ Ṣáájú Ìtọ́jú: Bí Ètò Housing First Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1955, àwọn tó ń gbé inú ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba ní Amẹ́ríkà lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Oògùn tuntun dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà sílé. Ní 1963, Ààrẹ Kennedy fọwọ́ sí òfin tó ní kí a kọ́ ibùdó ìtọ́jú sí àdúgbò, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni a kò kọ́ rárá. Nígbà tó yá, yàrá olówó pọ́ọ́kú tí irú àwọn aláìsàn yìí ń háyà ní New York náà tún ń pòórá. Bí ọ̀pọ̀ ṣe di ẹni tó ń sùn ní títì nìyẹn.

Ètò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún wọn dà bí àkàsọ̀: ibùsùn àjùmọ̀lò, lẹ́yìn náà ilé onígbà díẹ̀. Ẹni tó bá jáwọ́ nínú ọtí àti oògùn olóró, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ló ń rí ilé tirẹ̀ gbà. Àṣìṣe kan lè dá a padà sí ìsàlẹ̀. Àwọn tí àìsàn wọn le jù ni kì í dókè, nítorí ẹni tí kò níbi tí yóò fi orí lé, báwo ni yóò ṣe máa rántí oògùn?

Ní 1992, Sam Tsemberis, onímọ̀ ìrònú òun ìhùwàsí ẹ̀dá, dá àjọ Pathways to Housing sílẹ̀ ní New York, ó sì yí ètò náà padà: kọ́kọ́rọ́ ló ṣáájú. Èyí ni wọ́n ń pè ní Housing First, ìyẹn ilé ṣáájú. Ohun méjì ni wọ́n ń béèrè: kí ayálégbé fi ìdá 30 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un san owó ilé, kí ó sì gba àwọn òṣìṣẹ́ láyè láti máa bẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù káàkiri ìlú ni wọ́n ti ń háyà ilé, wọn kì í kó èrò jọ sójú kan. Dókítà ọpọlọ, nọ́ọ̀sì àti àwọn mìíràn ló ń tọ ayálégbé lọ sílé. Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni ọ̀nà ìtọ́jú yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970.

Ìwádìí tó jáde ní 2000 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìdá 88 nínú 100 àwọn ayálégbé Pathways ṣì wà nínú ilé. Ti ètò àtijọ́ jẹ́ 47. Kánádà dán an wò ní ìlú márùn-ún láti 2009 sí 2013, àwọn ayálégbé ibẹ̀ náà dúró sínú ilé. Ṣùgbọ́n ká sọ òtítọ́: lílo oògùn olóró kì í fi bẹ́ẹ̀ dínkù ju ti ètò àtijọ́ lọ. Ilé ni ètò yìí ń fúnni, kì í ṣe ìwòsàn ojú ẹsẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ibi tí wọ́n ti mú kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n fi òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ìdánìkanwà á mú ayálégbé gba àlejò, àwọn tó ń ta oògùn olóró á sì gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Aládùúgbò á fẹjọ́ sùn, lánlọ́ọ̀dù á lé e. Ní Pathways, ẹni tí wọ́n bá lé kò kúrò lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀: wọ́n á tún wá ilé mìíràn fún un, wọ́n á sì jọ wo ohun tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́.