Bẹ́líìtì olówó ńlá: ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n kàn ń lẹ “Made in Italy” mọ́ ọn ni?

Ẹ dárúkọ bẹ́líìtì olówó ńlá níbikíbi tí èèyàn mẹ́ta bá ti pé jọ, ẹnìkan á yínmú, á ní: “Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo ẹ̀ jàre. Wọ́n kàn ń gbé e gba Ítálì kọjá kí wọ́n lè lẹ àmì mọ́ ọn ni.” Bó ṣe máa ń dá wọn lójú tó ni kì í yé mi. Ẹni tó ń sọ ọ́ ò dé ilé-iṣẹ́ kankan ní Ṣáínà, kò dé ti Ítálì, ó sì ṣeé ṣe kó má fọwọ́ kan bẹ́líìtì ọ̀hún rí. Fídíò ló wò.

Mo mọ ibi tí fídíò náà ti ṣẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2025, nígbà tí Amẹ́ríkà ń fi owó ibodè kún owó ibodè lórí ọjà Ṣáínà títí ó fi dé ìdá 145 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣe ni TikTok kún fún àwọn èèyàn tó dúró níwájú pẹpẹ báàgì, tí wọ́n ń sọ pé àwọn làwọn ń bá àwọn orúkọ ńlá Yúróòpù ṣiṣẹ́, pé kí a wá rà á tààrà lọ́wọ́ àwọn. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló yẹ kó ta wá lólobó. Ẹni tó ń tajà fún mi kọ́ ni mo máa fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí bóyá ilé-iṣẹ́ wà ní Yúróòpù tàbí kò sí. Ó wà. Ní Ítálì, iṣẹ́ awọ ni ìlú Santa Croce sull'Arno, láàárín Pisa àti Florence, fi ń jẹun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Arzignano lápá àríwá àti Solofra lápá gúúsù. Scandicci, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Florence, ni wọ́n ti ń rán ọjà aláwọ fún ọ̀pọ̀ orúkọ ńlá. Ní Sípéènì, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Ubrique tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ìdí nìyí tí bẹ́líìtì ilé-iṣẹ́ Faransé fi lè ní “Made in Spain” lára, tí ẹni tó rà á á sì máa pariwo pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Wọn ò lù ú. Orúkọ Faransé ni, iṣẹ́ ọwọ́ Sípéènì ni.

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an ni “wọ́n kàn lẹ àmì mọ́ ọn”, torí pé òfin dárúkọ ohun yẹn gan-an, ó sì ní kò tó. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2016, sọ ní ẹ̀ka 60 pé bí orílẹ̀-èdè tó ju ẹyọ kan lọ bá lọ́wọ́ nínú ṣíṣe ọjà, ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ gidi tó kẹ́yìn lórí rẹ̀ ni ká kà sí ibi tó ti wá. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ nídìí, kó wáyé níbi tó ní irinṣẹ́ fún un, kó sì sọ ọjà náà di nǹkan tuntun tàbí kó jẹ́ ìpele pàtàkì nínú ṣíṣe rẹ̀. Ìlànà tó tẹ̀lé òfin náà wá to àwọn iṣẹ́ tí kò kà lẹ́sẹẹsẹ: fífọ̀, ṣíṣà, gígé lásán, kíkó sínú páálí, lílẹ àmì tàbí àkọlé mọ́ ọn, àti títo ẹ̀yà ọjà pọ̀ lọ́nà tí kò gba agbára. Bí wọ́n bá tiẹ̀ pa méjì mẹ́ta nínú wọn pọ̀, kò kà síbẹ̀. Ní ti Ítálì fúnra rẹ̀, òfin 350 ti ọdún 2003 ti sọ “Made in Italy” èké di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n.

Ó dáa. Kí wá ni iṣẹ́ gidi lórí bẹ́líìtì?

Ọ̀kan wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo tú nọ́ọ̀tì kéékèèké méjì tó wà lẹ́yìn irin orí rẹ̀, ó já sílẹ̀: awọ lọ́tọ̀, irin lọ́tọ̀. Bí mo gbé etí awọ náà súnmọ́ ojú, mo rí i pé ìpele mẹ́ta ni: awọ tó dán lójú, awọ tó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ lẹ́yìn, àti nǹkan kan tó dà bí páálí láàárín wọn, tí kì í jẹ́ kó fà. Ẹnìkan gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó rán wọn yípo. Ó kun etí rẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ, ó fi sáńpépà ha á, ó tún kùn ún. Ẹ̀yìn awọ ni wọ́n tẹ “Made in Italy” sí. Lára irin, orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan ló wà.

Níbo ni irin yẹn ti wá? Àmì tí mo ní lọ́wọ́ ò sọ, kò sì sí òfin tó ní kó sọ. Irin orí bẹ́líìtì, ọ̀pọ̀ ìgbà síńkì ni wọ́n yọ́ sínú mọ́ọ̀dù tí wọ́n wá fi góòlù tàbí níkẹ́ẹ̀lì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, ó sì lè ti ibikíbi wá. Ẹni tó bá rí irú irin bẹ́ẹ̀ láti Ṣáínà lára bẹ́líìtì tí wọ́n rán ní Scandicci, kò tíì mú ẹnikẹ́ni ní olè. Nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, nọ́ńbà 4107 ni awọ màlúù tí wọ́n ti ṣe tán ń jẹ́, irin orí bẹ́líìtì wà lábẹ́ 8308, bẹ́líìtì aláwọ sì wà lábẹ́ 4203. Ibi tí wọ́n ti gé awọ tí wọ́n sì rán an ló ti kúrò ní awọ, tó di bẹ́líìtì.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní Ṣáínà ni wọ́n ti gé awọ, tí wọ́n rán an, tí wọ́n kun etí rẹ̀, tí Ítálì wá de irin mọ́ ọn. Nọ́ọ̀tì méjì! Mo fẹ́ rí ẹni tó máa dúró níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù kó ní iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ibi tí mi ò ti lè búra ni àárín méjèèjì: kí wọ́n gé e níbì kan, kí wọ́n rán an níbòmíràn, kí wọ́n kun etí rẹ̀ níbi kẹta. Agbẹjọ́rò lè fi irú èyí jẹun fún ọdún mẹ́ta.

Àwọn kan á tún já lu ọ̀rọ̀ pé, “Òfin Ítálì ní bí wọ́n bá ti ṣe ìpele iṣẹ́ méjì péré níbẹ̀, ó ti tó.” Òfin 55 ti ọdún 2010 ni wọ́n ń wí. Lóòótọ́ ni ìpele méjì wà nínú rẹ̀, àmọ́ ìlànà tó yẹ kó gbé e dìde kò jáde, àwọn aláṣẹ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní Brussels náà ò sì fara mọ́ ọn. Òkú òfin ni wọ́n ń gbé kiri. Èyí tó le jù ni ti 2009, tó ní ẹni tó bá fẹ́ kọ “100% Made in Italy” gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọjà náà, kó ṣètò rẹ̀, kó ṣe é, kó sì dì í, gbogbo rẹ̀ ní Ítálì. Ẹ tún un kà: kò sí màlúù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ awọ tútù tí àwọn ará Santa Croce àti Arzignano ń lò, òkèèrè ló ti ń wá: Faransé, Bùràsíìlì, Amẹ́ríkà. Òmíràn ti kọjá nínú kẹ́míkà kó tó wọkọ̀, á dé ní tútù, á ní àwọ̀ búlúù bí aṣọ aláró. Ẹni tó ń ro màlúù Tuscany, agbègbè tí Santa Croce wà, tó ń jẹko lórí òkè, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Àkọlé yìí gan-an, ìtìjú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1887 ló fẹ́ kí ọjà Jámánì máa jẹ́wọ́ ara rẹ̀ kí àwọn aráàlú lè sá fún un. Kò pẹ́ tí “Made in Germany” fi di oríyìn. Nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù lónìí, kò tiẹ̀ pọn dandan kí bẹ́líìtì ní àkọlé ibi tó ti wá. Amẹ́ríkà ló fi dandan lé e fún ọjà òkèèrè, nínú òfin owó ibodè ti 1930, pẹ̀lú orúkọ orílẹ̀-èdè náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mò ń gbèjà àwọn ilé-iṣẹ́ yìí. Ní 2024, ilé-ẹjọ́ kan ní Milan fi alábòójútó sí ẹ̀ka Armani kan ní oṣù Kẹrin, ó fi sí ẹ̀ka Dior kan ní oṣù Kẹfà, torí pé àwọn ẹ̀ka náà ò bojú tó àwọn kọngílá tí wọ́n ń gbéṣẹ́ fún. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kan tí àwọn ará Ṣáínà tó ń gbé Ítálì ni, àwọn olùwádìí bá òṣìṣẹ́ tó ń sun ibi iṣẹ́, wọ́n bá ẹ̀rọ tí wọ́n ti yọ ohun ààbò ara rẹ̀ kúrò kó lè yá. Nínú ìwé ẹjọ́ Dior, báàgì tí ṣọ́ọ̀bù ń tà ní 2,600 yúrò, 53 yúrò ni wọ́n san fún ẹni tó ṣe é, láìka owó awọ. Wọn ò fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ilé-iṣẹ́ méjèèjì fúnra wọn. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: Ítálì ni wọ́n ti rán àwọn báàgì náà. “Made in Italy” ara wọn kì í ṣe irọ́ rárá. Àwa tó ń kà á la fi arúgbó oníṣọ̀nà tó wọ épírọ́ọ̀nù sí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, màá ní ó jọ pé bẹ́líìtì ojúlówó tí àwọn orúkọ tó ga jù tẹ “Made in Italy” sí, Ítálì náà ni wọ́n ti rán púpọ̀ jù nínú rẹ̀, láìka irin, láìka màlúù, láìka irú ilé tí wọ́n ti rán an. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn orúkọ tí kò ga tó ìyẹn ń rán ọjà ní Ṣáínà, Vietnam àti Íńdíà, wọ́n sì ń kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Ẹ̀tàn ò sí níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe tòun, pé àmì nìkan ló kù. Bó bá jẹ́ irọ́, ayédèrú ló ń tà. Bó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ó ń jalè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé àkọlé ẹ̀yìn awọ, torí gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀. Etí ni kí ẹ wò, ibi tí wọ́n ti kùn ún. Ayédèrú tí wọ́n gbé wá bá mi lọ́jọ́sí, “Made in Italy” tara rẹ̀ hàn ketekete ju tèmi lọ.