Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Fi Ìmọ́lẹ̀ Gba Ẹ̀dà Eyín

P.O.P. tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé káàkiri Ìkòròdú lónìí, irú rẹ̀ ni Philipp Pfaff, dókítà eyín Ọba Frederick Kejì ti Prussia, fi ń gba ẹ̀dà eyín, ìyẹn àwòṣe ẹnu tí wọ́n fi ń rọ eyín àtọwọ́dá. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1756 ló ti ṣàlàyé rẹ̀: á tẹ ìda rírọ̀ mọ́ ìdajì ẹnu, á tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdajì kejì, á so méjèèjì pọ̀, á wá da P.O.P. sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibi ìsopọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ìda kì í pẹ́ tẹ̀ bí wọ́n bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí náà wọ́n ń wá nǹkan mìíràn. Wọ́n lo agar tí wọ́n ń yọ lára ewéko òkun, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń ti Jàpáánì wá. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dí ọ̀nà, wọ́n yíjú sí alginate, tó ti ara ewéko òkun mìíràn jáde. Òun ni àwa tí ń rọ eyín lágbègbè yìí mọ̀ jù. Kò wọ́n, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń dì, àmọ́ omi ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Bí ó bá gbẹ, á sún kì. Bí ó bá wà nínú omi, á wú. Lójú ẹsẹ̀ ló yẹ kí wọ́n da P.O.P. sí i. Ẹ wá wo èyí tí wọ́n gbà ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n wé sínú ọ̀rá, tí ọkọ̀ gbé gba Ìkòròdú, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wá dá a dúró ní Máìlì 12 nínú oòrùn. Eyín tí wọ́n bá fi rọ á máa mì lẹ́nu ìyá àgbà, wọ́n á sì ní ẹnu ìyá ni kò dára. Ó máa ń dùn mí gan-an. Rọ́bà silicone tó dé lẹ́yìn náà kì í sún kì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga.

Ní 1973, François Duret, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ìwé oyè dókítà rẹ̀ ní Lyon lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè gba ẹ̀dà eyín láìsí pé wọ́n tẹ ohunkóhun mọ́ ẹnu. Ní Zurich, dókítà eyín Werner Mörmann àti onímọ̀ ẹ̀rọ Marco Brandestini kọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní CEREC, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya eyín, tó sì ń gbẹ́ ohun tí wọ́n á fi dí i. Ní oṣù kẹsàn-án 1985, wọ́n fi dí ihò eyín aláìsàn kan lórí ìjókòó kan ṣoṣo. Nígbà yẹn, wọ́n ní láti fín ìyẹ̀fun funfun sí eyín kí kámẹ́rà tó lè rí i dáadáa.

Báwo ló ṣe péye tó? John McLean àti Anthony von Fraunhofer ti yẹ ohun tó lé ní 1,000 eyín àtọwọ́dá wò. Ní 1971, wọ́n ní àlàfo tó wà láàárín etí eyín àtọwọ́dá àti eyín gidi tí wọ́n fi bò kò gbọ́dọ̀ ju 120 máíkírọ̀mítà lọ. 1,000 irú rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan. Fún ẹyọ eyín kan tàbí méjì, àṣìṣe sìkánà òde òní, ìyẹn kámẹ́rà kékeré tí ń fi ìmọ́lẹ̀ ya eyín, sábà máa ń wà láàárín 20 sí 50. Mo fọwọ́ sọ̀yà fún un níbẹ̀.

Odidi eyín òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ ló ṣòro. Kámẹ́rà náà kéré, kò lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwòrán kéékèèké ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀, bí ẹni ń rán aṣọ òfì ní ẹ̀là-ẹ̀là. Bí ojú ìrán kọ̀ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, ìyẹ̀ náà á ti pọ̀ kó tó dé eyín ẹ̀yìn lódì kejì, ó sì lè kọjá 100 máíkírọ̀mítà. Ohun tí Pfaff ń bá jà níbi ìsopọ̀ ìda rẹ̀ náà nìyẹn. Ó tún le lẹ́nu tí kò ní eyín rárá, nítorí ẹran ìdí eyín ń yọ̀, ó ń jọra, kámẹ́rà kò sì rí àmì kankan dì mú. Ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ náà ń dí i lójú, torí ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá dé, kò lè yà á. Bí etí eyín tí wọ́n gbẹ́ bá wọ abẹ́ ẹran, dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi òwú ti ẹran náà sẹ́yìn, kó gbẹ ibẹ̀ dáadáa, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe kó tó lo silicone.