Bí aràn pẹlẹbẹ ilẹ̀ Éṣíà ṣe ń bá ẹja àjèjì wọ odò

Ẹja tí wọ́n kó láti odò kan lọ sí òmíràn kì í sábà dá nìkan dé. Ohun tó wà nínú ìfun rẹ̀ ń bá a rìn. Ọ̀kan lára àwọn aràn ẹja tó ti tàn kálẹ̀ jù láyé ni aràn pẹlẹbẹ kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Schyzocotyle acheilognathi. Àwọn ìwé tó pẹ́ díẹ̀ ń pè é ní Bothriocephalus acheilognathi. Aràn kan náà ni. Yamaguti ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Japan ní ọdún 1934. Ìlà-oòrùn Éṣíà ni ilé rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìjọba àti àwọn ọlọ́sìn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja grass carp kiri kí ó lè máa jẹ koríko inú adágún àti ipadò, aràn náà bá a dé Yúróòpù, Gúúsù Áfíríkà àti Amẹ́ríkà. Wọ́n ti rí i báyìí nínú irú ẹja tó ju 200 lọ.

Iye yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le. Ọ̀pọ̀ aràn mọ irú ẹja kan tàbí méjì ṣoṣo, nítorí náà ẹja àjèjì lè bọ́ lọ́wọ́ aràn ilé rẹ̀ bó bá dé ibi tuntun. Aràn yìí kì í yan ẹja bẹ́ẹ̀. Ohun méjì péré ló nílò: omi tó gbóná díẹ̀, àti kòkòrò omi tíntín tí à ń pè ní cyclops. Ẹni tó bá mọ ìtàn sòbìà ní ilẹ̀ Yorùbá ti gbọ́ nípa kòkòrò yìí, nítorí ìdílé cyclops yìí kan náà ló ń gbé ọmọ sòbìà sínú omi tí àwọn èèyàn ń mu. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí adágún tàbí odò jẹ́jẹ́ kankan láyé tí kò ní in.

Aràn tó ti dàgbà máa ń wà ní apá iwájú ìfun ẹja. Orí rẹ̀ rí bí orí ọfà, ojú là tóóró méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, tó fi ń di ògiri ìfun mú. Kò ní ẹnu, kò sì ní ìfun tirẹ̀. Awọ ara ló fi ń fa oúnjẹ tó ti dà nínú ẹja. Akọ àti abo wà lára ẹyọ aràn kan ṣoṣo, èyí tó fi hàn pé ẹyọ kan tó bá dé odò tuntun lè yé ẹyin láìní ẹnìkejì. Ẹyin náà ń bá ìgbẹ́ ẹja jáde sínú omi. Ẹyọ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà 0.05 lọ, ó sì ní ìdérí kékeré lórí. Bí omi bá tó dígírì 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ á ṣí ìdérí jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí omi bá wà ní dígírì 15, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ tó jáde yìí ní irun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, ọjọ́ díẹ̀ ló sì ní láti lò láyé. Bí cyclops kò bá gbé e mì, ó kú nìyẹn. Bó bá gbé e mì, ó bọ́ irun rẹ̀ sílẹ̀, ó gún ìfun kòkòrò náà kọjá, ó sì ń dàgbà nínú ara rẹ̀. Ìgbà tí ẹja bá jẹ cyclops yẹn ni aràn náà tó délé. Kò sí ẹranko mìíràn tó gbọ́dọ̀ gbé e láàárín wọn. Nínú omi dígírì 28 sí 29, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó fún un láti di aràn tó ń yé ẹyin. Bí omi bá tutù ju dígírì 20 lọ, ó lè gba oṣù méjì. Tí ó bá wá bọ́ sísàlẹ̀ dígírì 12, ohun gbogbo fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró: aràn á di ìfun mú, kò ní dàgbà, yóò máa dúró de ìgbà ooru.

Ọmọ ẹja kéékèèké ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Cyclops ni oúnjẹ wọn, ìfun wọn sì tóóró. Aràn tí ẹja carp ńlá lè gbé láìsí ìpalára tó hàn lè dí ìfun ọmọ ẹja tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta pátápátá. Ikùn á wú, ẹ̀yìn á gbẹ, ẹja ò ní lè sáré mọ́, ògiri ìfun lè bẹ́. Wọ́n ti dán an wò nínú bonytail chub, ẹja ìbílẹ̀ odò Colorado: àwọn tó ní aràn tí oúnjẹ wọn kò pọ̀ kú ju àwọn tí kò ní lọ. Èyí ló ń tan àwọn èèyàn jẹ nínú oko ẹja. Níbi tí oúnjẹ ti pọ̀, ẹja tó ní aràn lè dà bí ẹni tó wà lálàáfíà, wọ́n á tà á, wọ́n á gbé e lọ sínú odò tí oúnjẹ kò ti pọ̀, ibẹ̀ ni ìṣòro á ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àárín àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kọ́kọ́ rí aràn yìí, nínú ẹja tí wọ́n ń sìn. Àwọn apẹja máa ń ra ẹja wẹ́wẹ́ láti fi ṣe ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀, wọ́n sì ń da èyí tó bá ṣẹ́kù sódò. Ọ̀nà ìjẹ yìí ni red shiner, ẹja kékeré láti àárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbà dé odò Colorado ní àwọn ọdún 1950. Ó tàn dé odò Virgin, níbi tí ẹja ìbílẹ̀ kan tó ń jẹ́ woundfin ń gbé, tí kò sì sí ní ibòmíràn mọ́. Red shiner ń jà á lólè oúnjẹ, ó sì tún gbé aràn wá bá a. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ red shiner ló wà, wọ́n ń bímọ kíákíá, ara wọn sì gba aràn náà. Àwọn ni àká aràn. Kódà bí woundfin bá kù díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí aràn kò lè máa lọ nínú wọn nìkan, red shiner kò ní jẹ́ kí ẹyin tán nínú omi. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Hawaii, níbi tí ẹja kékeré tó ń jẹ́ guppy àti àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n kó wọlé ti ń fi aràn yìí ran ʻoʻopu, ẹja ìbílẹ̀ ibẹ̀.

Ìtàn Grand Canyon, àfonífojì ńlá tí odò Colorado ń gbà kọjá, fi ipa ooru hàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní 1990 wọ́n rí aràn náà nínú odò Little Colorado, ibi pàtàkì tí humpback chub, ẹja ìbílẹ̀ ibẹ̀, ti ń yé ẹyin. Omi ibẹ̀ máa ń kọjá dígírì 20 nígbà ooru, ó sì bá aràn lára mu. Ṣùgbọ́n odò ńlá tó ń ṣàn wọ̀ tutù. Láti 1963 ni dáàmù Glen Canyon ti ń dá odò Colorado dúró, omi ìsàlẹ̀ adágún ló sì ń tú sílẹ̀, nǹkan bíi dígírì 8 sí 12 lọ́pọ̀ ọdún. Ọ̀tútù yẹn kò jẹ́ kí aràn lè yí ayé rẹ̀ po níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọmọ chub dàgbà dáadáa bákan náà. Nígbà tí omi adágún náà wá lọ sílẹ̀, omi tó gbóná ti òkè sún mọ́ ẹnu dáàmù. Ní 2022 omi tó ń jáde kọjá dígírì 20. Ohun tó ń ran chub lọ́wọ́ láti dàgbà náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún aràn, kò sì sí bí a ṣe lè fún ọ̀kan kí èkejì má gbà.

Láti mọ̀ bóyá aràn wà nínú ẹja odò kan, ẹja márùn-ún kò tó. Aràn kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba: ọ̀pọ̀ ẹja ní ọ̀kan tàbí kí wọ́n má ní rárá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló gbé èyí tó pọ̀ jù. Iye tí àwọn oníṣẹ́ ìlera ẹja ń lò ni 60. Bí aràn bá wà nínú ẹja márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, yíyẹ 60 wò á jẹ́ kí a rí ó kéré tán ọ̀kan nígbà 95 nínú 100. Wọ́n á la ìfun láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n á wá orí ọfà náà lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Kí wọ́n má fà á já o, nítorí orí ni wọ́n fi ń dá a mọ̀.

Oògùn tó ń lé e jáde ni praziquantel, èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Nàìjíríà fún àtọ̀sí ajá. Mílígíráàmù 1.5 nínú lítà omi kan, fún wákàtí 24, ti lé e jáde nínú ẹja tí wọ́n fi sínú táńkì. Fún táńkì lítà 1,000, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 1.5. Kì í yòrò dáadáa nínú omi, nítorí náà wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi ọtí líle (ethanol) po ó. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni pé oògùn náà kì í pa ẹyin. Aràn tó jábọ́ kún fún ẹyin, ẹyin náà sì wà nínú omi táńkì pẹ̀lú cyclops tó bá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹja sílẹ̀ nínú omi kan náà ti tún fún un láàyè láti kó o. Aṣọ asẹ́ irú èyí tí wọ́n fi gbógun ti sòbìà lè dá cyclops tó dàgbà dúró, nítorí ó máa ń tó ìdajì mílímítà ó kéré tán, ṣùgbọ́n ẹyin aràn á gba ojú rẹ̀ kọjá. Táńkì mímọ́, omi kànga tí kò ní cyclops, kí wọ́n sì da omi àkọ́kọ́ sí orí ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sódò: gbogbo rẹ̀ ni oògùn náà nílò.

Inú odò gbalasa, kò sí bí a ṣe lè lo oògùn báyìí. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi wà níbi tí ẹja ti ń kúrò lọ sí ibòmíràn, títí kan ẹja ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí wọ́n tó kó humpback chub láti Little Colorado lọ sí Havasu Creek, odò kékeré mìíràn ní Grand Canyon, ní 2011, ilé ìsìn ẹja ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ, wọ́n lo oògùn fún wọn níbẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n dàgbà díẹ̀ kí wọ́n tó tú wọn sódò.