Ìwọ̀n otútù àtijọ́ nínú òpó yìnyín

Òpó yìnyín ni yìnyín gbọọrọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ yọ láti inú èyí tó ti ń kóra jọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ní Gírínláǹdì àti Àntátíkà. Omi inú rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Nínú átọ́ọ̀mù ọ́síjìn 500, bí ẹyọ kan ni ọ́síjìn-18, tó wúwo ju ọ́síjìn-16 lọ. Háídírójìn náà ní èyí tó wúwo. Iye èyí tó wúwo ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ bí ibẹ̀ ṣe tutù tó nígbà tí yìnyín náà bọ́ sílẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ní Kàbà, omi inú amù tí a kò dé máa ń fà. Omi fífúyẹ́ ló ń yára gbẹ lọ, nítorí náà èyí tó kù nísàlẹ̀ á wúwo díẹ̀ ju bó ṣe wà nígbà tí wọ́n pọn ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní adágún ìdídò odò Kampe ní Yàgbà. Ahọ́n kò lè mọ ìyàtọ̀ náà. Ẹ̀rọ tó ń ya átọ́ọ̀mù sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe wúwo sí ló ń rí i.

Bí oru omi bá tún di omi, èyí tó wúwo ló ń kọ́kọ́ já. Ìkùukùu tó kúrò lójú òkun gbígbóná lọ sí ìpẹ̀kun ayé ń tutù bó ṣe ń lọ, ó sì ń já omi wíwúwo sílẹ̀ lọ́nà. Bí ibi tó ń lọ bá ṣe tutù tó ni òfò rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Bí a bá pe ọ́síjìn-18 inú omi òkun ní 1,000, ti yìnyín Vostok ní Àntátíkà kò tó 950.

Willi Dansgaard, ará Dẹ́nímáàkì, ló ṣí ọ̀nà yìí. Lọ́dún 1952, ó fi àrọ sí ẹnu ìgò bíà òfìfo nínú ọgbà rẹ̀ ní Copenhagen, ó ń gba òjò, ó ń wọ̀n ọ́n. Ní 1966, òpó Camp Century ní Gírínláǹdì jìn tó mítà 1,387. Ti Dome C ní Àntátíkà dé ọdún 800,000 sẹ́yìn.

Sísọ iye yìí di dígírì ló le. Tẹ́lẹ̀, ibi tó tutù àti ibi tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lóde òní ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Ìyẹn sọ pé Gírínláǹdì fi bíi dígírì 10 sí 12 tutù ju tìsinsìnyí lọ ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n sọ ẹ̀rọ ìwọn-ooru sínú ihò tí wọ́n gbẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà: yìnyín ìsàlẹ̀ ṣì di otútù àtijọ́ mú, ìyàtọ̀ sí tìsinsìnyí sì lé ní dígírì 20. Nígbà náà, yìnyín kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ láwọn oṣù tó tutù jù, torí náà ti àsìkò ooru ló gba inú òpó náà kan.

Òjò Kàbà kò ṣeé kà báyìí. Bí òjò ṣe pọ̀ tó ló ń darí ọ́síjìn-18 níbẹ̀, kì í ṣe otútù. Òjò ńlá máa ń fúyẹ́. Winniwinni tó ń kán gba inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń wúwo, nítorí ẹ̀kán rẹ̀ ń gbẹ kó tó délẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọpọ́n sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ lóṣù kẹsàn-án, tó sì ka omi náà bí ti Gírínláǹdì, yóò rò pé Kàbà tutù lójijì.