Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Ìjàpá ṣe ń mí

Mímí ẹ́ńjìnnì ni ọ̀nà tí èéfín tó há sínú ikùn ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde. Ikùn yìí ni kráńkì, ọ̀pá irin tí písítìn ń yí, ti ń yí, ibẹ̀ náà ni ọ́ìlì ń gbé. Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló ń mí báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gbẹgẹ́ gan-an nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí kò ní redietọ̀, tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń tù wọ́n lára. Èyí tí ayé mọ̀ jù nínú wọn ni ti Volkswagen Beetle. Fusca ni àwọn ará Brazil ń pè é. Ìjàpá ni Yorùbá sọ ọ́ nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ó pọ̀ ní Èkó, ní ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Badagry.

Ríńgì ara písítìn, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ihò tí à ń pè ní sílíńdà, kì í dí ojú sílíńdà pinpin. Bí epo bá ti gbiná lórí písítìn, díẹ̀ nínú èéfín rẹ̀ á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríńgì bọ́ sínú ikùn. Oru omi wà nínú rẹ̀, bẹntiróòlù tí kò jó tán wà níbẹ̀, ásíìdì tó ń jẹ irin náà wà níbẹ̀. Bí kò bá rọ́nà jáde, á máa ti ọ́ìlì síta láti gbogbo ojú ìpàdé, á sì ba ìyókù jẹ́. Lítà 2.5 péré ni ọ́ìlì Ìjàpá, asẹ́ wáyà lásán ló sì ń sẹ́ ẹ, nítorí náà kò gba ìdọ̀tí mọ́ra.

Písítìn mẹ́rin ló ní, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Bí méjì tó kojú ara wọn níwájú bá ń lọ síta, méjì ẹ̀yìn á máa bọ̀ wálé. Àyè inú ikùn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, afẹ́fẹ́ kàn ń sáré láti apá kan sí ìkejì ni. Ti Citroën 2CV ti ilẹ̀ Faransé yàtọ̀. Písítìn méjì ni tirẹ̀, wọ́n jọ ń jáde, wọ́n sì jọ ń wọlé, tí gbogbo ikùn á fi máa fẹ̀, tí á máa fún, ní gbogbo ìgbà tí kráńkì bá yí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi fáàfù rọ́bà sí ojú ibi tí a ń gbà bu ọ́ìlì sí i: ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, kò ní jẹ́ kó padà wọlé. Bí rọ́bà kékeré yẹn bá le tàbí tó ya, ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí jò níbi gbogbo.

Ìjàpá kò ní irú fáàfù bẹ́ẹ̀. Ọrùn ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáínámò, ló fi ń mí. Họ́ọ̀sì kan gbéra láti ibẹ̀ lọ sínú agolo tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún kàbúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ́ńjìnnì lè fa èéfín náà padà kó sì jó o. Láyé àtijọ́, ìta gbangba ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń tú u sí. Lórí àwọn ọkọ̀ tuntun ọdún 1961 tí wọ́n ń tà ní California ni dídá a padà sínú ẹ́ńjìnnì ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí èéfín tó bo ìlú. Ọ̀pá kejì sọ̀ kalẹ̀ láti ọrùn kan náà, rọ́bà tó ní ojú lílà sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni omi tó bá ti ara oru sẹ̀ ń kán sílẹ̀.

Ibi tó yẹ ká tẹjú mọ́ ni ìdí púlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin tó wà lẹ́nu kráńkì, tí bẹ́líìtì so mọ́. Kò sí rọ́bà tó dí ọ́ìlì níbẹ̀ rárá. Ojú ìlà lílọ́ bíi ti ìdè ni wọ́n gbẹ́ sí ọrùn púlì; bó ṣe ń yí ló ń wa ọ́ìlì padà sínú. Ìlà yìí kò lè borí afẹ́fẹ́ tó ń tì í láti inú. Bí họ́ọ̀sì bá dí tàbí tó tẹ̀, ìlà ọ́ìlì dúdú kan á fara hàn lára páànù ẹ́ńjìnnì, gẹ́lẹ́ ní ọ̀kánkán púlì. Ẹni tó bá rí i, họ́ọ̀sì yẹn ni kó kọ́kọ́ wò kó tó tú ohunkóhun.

Jíjò yìí léwu fún ẹ́ńjìnnì atẹ́gùn ju fún ti olómi lọ. Fáànù ń fa ọ́ìlì tó fọ́n ká mọ́ afẹ́fẹ́, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara sílíńdà, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn títí tí ooru kò fi ní ríbi jáde.

Nígbà mìíràn, tí a bá ṣí ìdérí ọ́ìlì, a ó bá nǹkan funfun tó ki bí ògì lábẹ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀ olómi, èyí lè jẹ́ pé gáàsíkẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí omi bá ọ́ìlì pàdé ti jó. Ìjàpá kò ní omi tó lè jò wọlé. Oru ló dì nítorí pé ọkọ̀ kì í rìn jìnnà tó láti gbóná dáadáa. Bí a bá ṣí ìdérí kan náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí èéfín sì ń tú jáde gìrìgìrì láìdáwọ́ dúró, ríńgì ti jẹ nìyẹn. Kò sí họ́ọ̀sì tuntun tó lè wò ó sàn.