Ọ̀fìnkìn, prednisolone àti kíndìnrín ọmọdé: èwo ni ká gbà?

Ní 2021, àjọ KDIGO, tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú kíndìnrín fún àwọn dókítà lágbàáyé, ní kí ọmọ tí nephrotic syndrome rẹ̀ ń padà léraléra máa lo oògùn prednisolone lójoojúmọ́ tí ọ̀fìnkìn bá mú un, kí àìsàn má bàa padà. Ní 2025, àjọ yìí kan náà ní kí wọ́n má fi ṣe àṣà mọ́. Orí òbí dà rú, ìbéèrè wá pọ̀.

Irú àìsàn wo nìyí?
Asẹ́ inú kíndìnrín ló ń jò. Èròjà amúaradàgbà tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ lọ, ojú ọmọ á wú láàárọ̀, ẹsẹ̀ àti ikùn á tẹ̀ lé e. Àlejò á ní ọmọ ti ń sanra.

Ṣé gbogbo ìgbà ló ń padà?
Rárá, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń padà fún, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Kí ló ń fà á?
Ọ̀fìnkìn àti ikọ́ ló ṣíwájú. Oògùn tí wọ́n ń fò, tàbí tí wọ́n dá dúró nítorí pé ojú ọmọ ti fà, ló tẹ̀ lé e. Àwọn kan wà tí kò sí lọ́wọ́ òbí rárá: kí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ kéré gan-an, kí ìtọ̀ pẹ́ kó tó mọ́ lẹ́yìn oògùn àkọ́kọ́, tàbí kí àìsàn tètè padà lẹ́ẹ̀kíní. Iyọ̀ ń dá kún wíwú ni, òun kọ́ ló ń pe àìsàn padà. Ẹ má fi bú ìyá àgbà tó fún ọmọ ní oúnjẹ oníyọ̀.

Bí ọ̀fìnkìn bá ń fà á, kí ló dé tí oògùn kò dènà rẹ̀?
Àwọn ìwádìí kéékèèké láti Íńdíà àti Sri Lanka ti sọ pé ó ń dènà rẹ̀. Ìgbà náà ni ìwádìí PREDNOS 2 wáyé ní Bìrìtìkó. Tí ọ̀fìnkìn bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ kan á gba prednisolone fún ọjọ́ 6, àwọn yòókù á gba hóró tí kò ní oògùn nínú (ó yàtọ̀ sí ayédèrú tí wọ́n ń tà lọ́jà o). Òbí kò mọ èyí tí ọmọ òun ń gbà, dókítà náà kò mọ̀. Àìsàn padà fún 42.7 nínú 100 àwọn tó gba oògùn, àti 44.3 nínú 100 àwọn tí kò gbà á. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ṣé kí n dá prednisolone ọmọ mi dúró nìyẹn?
Rárá o! Àfikún ìgbà ọ̀fìnkìn ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ara ọmọ tó ti ń lo oògùn yìí tipẹ́ lè má máa pèsè èròjà tó jọ ọ́ fúnra rẹ̀ mọ́, nítorí náà dídá a dúró lójijì léwu. Bí àìsàn mìíràn bá dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gúnlẹ̀, dókítà sì lè fi kún un fún ìdí yẹn gan-an.

Kí la ó máa ṣọ́ nílé?
Ìtọ̀ àárọ̀. Ẹ ti pélébé ìwé àyẹ̀wò bọ̀ ọ́, kí ẹ kọ èsì sílẹ̀. Bó bá jẹ́ +++ (èròjà amúaradàgbà pọ̀ nínú ìtọ̀) fún ọjọ́ 3 léraléra, ẹ pe dókítà kí ojú tó wú. Kí ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó ń lo prednisolone.

Èwo ló yẹ ká bẹ̀rù?
Inú rírun pẹ̀lú ara gbígbóná nígbà tí ikùn wú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù.